Ìrìn-àjò Ìmòòkùn Àkọ́kọ́ sí Òkun Pupa: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Kò Dé Dahab Rí

Dahab jẹ́ ìlú kékeré kan ní etí Òkun Pupa, ní ìhà ìlà-oòrùn Sínáì ní orílẹ̀-èdè Íjíbítì. Àpáta iyùn ibẹ̀ sún mọ́ èbúté tó bẹ́ẹ̀ tí òmòòkùn lè gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn létí òpópónà, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú omi, kí ó sì ti wà láàrin àwọn ẹja aláràbarà kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ìmòòkùn níyànjú pé ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ, dípò kí ó sanwó ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan lójú agbami. Bí etí bá ń dunni, tàbí tí ẹ̀rù bá bani lójijì, ilẹ̀ kò jìnnà.

Ohun tí ó ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́ jù lọ ni ìkánjú. Èèyàn ti rí àwòrán Blue Hole, ihò jíjìn inú òkun nítòsí Dahab, ó ti gbọ́ nípa Thistlegorm, ọkọ̀ ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí bọ́m̀bù àwọn ará Jámánì rì ní ọdún 1941, ó sì fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ kìíní mọ ìwọ̀n òjé (ohun wúwo tí òmòòkùn ń so mọ́ra kí ó lè rì) tí ara rẹ̀ nílò, tí ó mọ bí afẹ́fẹ́ sílíńdà ṣe ń tètè tán lọ́wọ́ òun, tí ojú rẹ̀ sì ti mọ́ omi ibẹ̀, ni yóò gbádùn àwọn ọjọ́ tí ó kù. Orí ọjọ́ kìíní yẹn ni èmi yóò ti pẹ́ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ìwé-ẹ̀rí ni àkọ́kọ́. Èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbà ni Open Water Diver ti PADI tàbí ti SSI, àwọn àjọ tí ń kọ́ni ní ìmòòkùn; ìwé-ẹ̀rí yìí fún yín láyè láti mòòkùn dé mítà 18 pẹ̀lú ẹnìkejì. Ẹni tí kò bá tíì ní in, tí ó sì ń gbé ní London tàbí Manchester, lè ka ìwé rẹ̀ kí ó sì ṣe ẹ̀kọ́ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nítòsí ilé, kí ó wá gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ láti lọ parí ìmòòkùn mẹ́rin tí ó kù nínú omi gbangba ní Dahab. Ọ̀nà yìí dára púpọ̀, nítorí pé kò ní jẹ́ kí ẹ fi ìdajì ìsinmi yín jókòó sínú yàrá ìkàwé. Bí ẹ bá sì ti gba ìwé-ẹ̀rí tipẹ́, tí ẹ kò wọ omi láti oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ṣe àtúnkọ́ kí ẹ tó dé orí àpáta iyùn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìlera. Ilé-iṣẹ́ ìmòòkùn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù tí ó ń béèrè nípa ikọ́ fée, wárápá, iṣẹ́ abẹ etí, ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti bẹ́ rí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oyún. Ẹ má ṣe fi irọ́ kún un láti lè yára kọjá, nítorí pé ohun tí kò yọ yín lẹ́nu rárá lórí ilẹ̀ lè ṣekú pani ní ìsàlẹ̀ omi. Fún àwa Yorùbá, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí fọ́ọ̀mù kì í sábà tẹnu mọ́: jẹnotáìpù. Àwọn dókítà tí ó mọ̀ nípa ìmòòkùn kì í gba ẹni tí ó bá jẹ́ SS láyè láti lo sílíńdà. AS kì í sábà dá ẹnikẹ́ni dúró, síbẹ̀ ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, kí ẹ sì rí i pé omi kò gbẹ lára yín. Bákan náà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìbẹ̀wò sí ilé ní Nàìjíríà, tí ó sì ṣì ń lo oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní mefloquine, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí pé oògùn náà lè fa òòyì àti ìpayà, èyí tí kò yẹ kí ó bá ẹnikẹ́ni lábẹ́ omi.

Ẹni tí ó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yẹ kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ ètò físà, kí ó sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání, nítorí pé Íjíbítì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Ẹ ra ìbánigbófò tí ó dárúkọ ìmòòkùn ní pàtó, kí ẹ sì ka ibi tí wọ́n kọ mítà sí: ìbánigbófò ìrìn-àjò mìíràn wà tí kì í sanwó bí ẹ bá ti kọjá iye mítà tí wọ́n kọ síbẹ̀, òmíràn kò sì mẹ́nu ba ìmòòkùn rárá. Ẹgbẹ́ Divers Alert Network, tí gbogbo òmòòkùn ń pè ní DAN, ń ta èyí tí ó san owó ìtọ́jú nínú yàrá afẹ́fẹ́ onípá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ìmòòkùn pa lára, ó sì ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè ní òru tàbí ní ọ̀sán.

Ní ti àkókò, oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Oòrùn ilẹ̀ ti rọlẹ̀ nígbà náà, omi sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní oṣù kejì, omi máa ń tutù dé nǹkan bíi ìwọ̀n 21 sí 22 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ní oṣù kẹjọ ó lè dé 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ooru orí ilẹ̀ nígbà náà kọjá àfaradà nínú aṣọ rọ́bà dúdú. Ẹ béèrè fún aṣọ rọ́bà tí ó nípọn tó mìlímítà 5, kódà bí àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ bá ń lo èyí tí ó fẹ́lẹ́, nítorí pé wákàtí kan lábẹ́ omi máa ń fa ooru kúrò lára, ẹni tí òtútù bá sì ń mú kì í ronú dáadáa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ náà kì í pẹ́ tán.

Ilé-iṣẹ́ tí ẹ ó bá lọ, àti ohun tí ẹ ó gbé dání

Pápákọ̀ òfurufú tí ó sún mọ́ Dahab jù ni ti Sharm el-Sheikh, láti ibẹ̀ ọ̀nà mọ́tò tó bíi kìlómítà 90. Àwọn ọlọ́pàá àti ṣọ́jà máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, nítorí náà kí ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́, kí ó má ṣe wà nínú àpótí ẹ̀yìn mọ́tò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè kan náà. Ènìyàn mélòó ni afinimọ̀nà kan máa ń kó wọ omi? Mẹ́rin ti pọ̀ tó fún ẹni tuntun. Ṣé atẹ́gùn ọ́síjìn fún ìtọ́jú pàjáwìrì wà níbi tí wọ́n ti ń wọ omi, tàbí ọ́fíìsì ni wọ́n fi í sí? Ṣé wọ́n ní ìwé àṣẹ, tí orúkọ wọn sì wà lọ́dọ̀ CDWS, àjọ tí ó ń bójú tó ìmòòkùn ní Íjíbítì? Kí ni wọn yóò fi ọjọ́ kìíní ṣe? Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fèsì pé ìmòòkùn ìdánwò nínú omi tí kò jìn ni àkọ́kọ́ ń mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn. Èyí tí ó bá ṣèlérí Blue Hole fún yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ dé, ẹ fi í sílẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ẹ lè háyà gbogbo ohun èlò níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí ó yẹ kí ó jẹ́ tiyín: gọ́gù ojú àti kọ̀ǹpútà ọwọ́ tí ń ka jíjìn àti àkókò. Bí ẹ bá fẹ́ ra gọ́gù, ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kí ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀; bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò já bọ́, ó bá yín mu. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ bá di irun, ẹ má ṣe jẹ́ kí irun kankan bọ́ sábẹ́ rọ́bà níwájú orí tàbí lẹ́bàá etí, nítorí pé fọ́nrán irun kan ṣoṣo ti tó láti máa jẹ́ kí omi jò wọlé. Ẹ di í mọ́ ẹ̀yìn, kí kókó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí okùn gọ́gù yóò gbà kọjá. Fìlà rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà máa ń ran irun dídì lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin onírunmú, abẹ́ imú gan-an ni ẹ fá mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú bàtà rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, nítorí ìdí tí èmi yóò sọ níwájú, àti ohun ìsopọ̀ iná oníhò méjì róbótó, nítorí pé ẹnu wáyà oníga mẹ́ta tí a ń lò ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wọ ti Íjíbítì.

Ọjọ́ kìíní: Lighthouse, àti ọ̀rọ̀ òjé

Ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ mú yín lọ ni Lighthouse, ní àárín ìlú gan-an. Iyanrìn ni ó kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí àpáta iyùn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ lè kúnlẹ̀, kí ẹ tún àwọn ohun tí ẹ kọ́ ṣe láìba ohunkóhun jẹ́.

Òkun Pupa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òkun tí iyọ̀ wọn pọ̀ jù lọ láyé: nǹkan bíi gíráàmù 40 nínú lítà kan, nígbà tí ti òkun gbogbogbòò jẹ́ nǹkan bíi 35. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe ń gbé ara sókè tó. Ẹni tí òjé kìlógírámù 4 tó fún nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lè nílò 6 tàbí 7 níbí, pàápàá bí aṣọ rọ́bà rẹ̀ bá nípọn. Bí òjé bá kéré jù, ẹ kò ní lè dúró ní mítà 5 nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lókè, ṣe ni omi yóò gbé yín jù sí ojú. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ẹsẹ̀ yín yóò máa rẹlẹ̀, ẹ ó máa ta iyanrìn sórí iyùn, ẹ ó sì máa fi afẹ́fẹ́ ṣòfò nítorí pé gbogbo ìgbà ni ẹ ó máa fi afẹ́fẹ́ kún jákẹ́ẹ̀tì tí ń gbé òmòòkùn léfòó.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ dúró ṣánṣán níbi tí ẹsẹ̀ kò ti kan ilẹ̀, kí régúlétọ̀ tí a fi ń mí láti inú sílíńdà wà lẹ́nu, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì jáde, kí ẹ mí sínú níwọ̀nba, kí ẹ sì dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìta ẹsẹ̀. Ojú omi gan-an nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ dá èémí dúró báyìí o. Bí a bá ti wọlẹ̀, mímí ni a óò máa mí láìdáwọ́ dúró. Bí ojú omi bá bá ojú yín dọ́gba, tí ẹ sì rọra rì nígbà tí ẹ mí síta, ó pé. Bí ọrùn yín bá wà lókè, ẹ fi kìlógírámù kan kún un. Bí orí bá ti rì pátápátá, ẹ yọ kan kúrò.

Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò tíì parí. Afẹ́fẹ́ pàápàá ní ìwúwo. Láti bar 200 dé bar 50 (bar ni a fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà), sílíńdà lítà 12 máa ń pàdánù ohun tí ó ju kìlógírámù 2 lọ, nítorí náà ẹni tí ó dọ́gba nígbà tí sílíńdà kún lè máa léfòó nígbà tí ó bá kù díẹ̀. Ẹ tún ìdánwò yẹn ṣe ní òpin ìmòòkùn kìíní, nígbà tí géèjì tí ń fi afẹ́fẹ́ tí ó kù hàn bá wà ní nǹkan bíi bar 50, kí ẹ sì kọ iye òjé tí ó bá yín mu sínú ìwé ìmòòkùn yín, pẹ̀lú irú aṣọ àti irú sílíńdà tí ẹ lò. Mo mọ̀ pé ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun mìíràn tí ó ń sọ òmòòkùn tuntun di ẹni tí ara tù lábẹ́ omi kíákíá bẹ́ẹ̀.

Etí ni ó kàn. Ẹ mú kí ìtẹ̀ inú etí bá ti omi dọ́gba láti ojú omi, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, nípa fífún imú pọ̀ kí ẹ sì rọra fẹ́ ẹ. Bí ó bá kọ̀, ẹ gòkè ní mítà kan, kí ẹ tún un gbìyànjú. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá mú kò gbọ́dọ̀ wọ omi, kò sì yẹ kí ó fi oògùn títú imú tàn ara rẹ̀, nítorí pé agbára oògùn náà lè tán nígbà tí ó ṣì wà nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ojú. Ẹni tí ó dàgbà sí ẹ̀bá òkun Èkó tàbí Badagry mọ omi tí ó ń ru, tí èèyàn kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Dahab, ó wọ́pọ̀ kí èèyàn rí ohun tí ó wà ní ogún mítà kedere, mímọ́ yìí sì ń tanni jẹ: ìsàlẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó wà nítòsí, imọ́lẹ̀ kì í ṣú, èèyàn á ti kọjá mítà 18 láìmọ̀. Ẹ má ṣe gbára lé ojú. Ẹ máa wo kọ̀ǹpútà ọwọ́ léraléra.

Ẹ máa wo géèjì afẹ́fẹ́ náà. Sílíńdà lítà 12 tí ó kún dé bar 200 ní lítà 2,400 nínú. Bí a bá yọ bar 50 sílẹ̀ fún ìpamọ́, lítà 1,800 ni ó kù láti lò. Ẹni tí ó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ yóò máa lo 40 ní mítà 10, nítorí pé ìtẹ̀ omi níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, èyí sì jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Ní mítà 20 yóò máa lo 60, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 30 péré. Ẹni tuntun máa ń mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi tó afinimọ̀nà létí nígbà tí géèjì bá dé 100, kí ó lè yí gbogbo yín padà. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí ó jẹ́ tiyín ni ó kọ́kọ́ tán.

Kí ẹ tó wọlẹ̀, ẹ jọ tún àmì ọwọ́ sọ. Àtàǹpàkò tí a nà sókè, tí a fi ń sọ lójúmọ́ pé nǹkan dára, àṣẹ láti gòkè ni lábẹ́ omi. Ìka ìlábẹ̀ àti àtàǹpàkò tí a so pọ̀ di òrùka ni ó túmọ̀ sí pé àlàáfíà wà.

Lórí àpáta iyùn

Iyùn jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn ẹranko kéékèèké ni wọ́n kọ́ ọ, èyí tí ó rí kìtìkìtì bí òkúta nínú wọn sì lè má ju sẹ̀ńtímítà kan lọ lọ́dún nínú ìdàgbàsókè rẹ̀, nítorí náà ohun tí bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ bá ṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè ti dàgbà kí wọ́n tó bí i yín. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe dì í mú láti ya fọ́tò, ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ, ẹ má sì ṣe kó ìkarawun kankan. Ẹ kó ọwọ́ pọ̀ sí àyà, kí ẹ so géèjì mọ́ra kí ó má baà máa wọ́ nílẹ̀, kí ẹ sì fi àyè tí ó tó gígùn ara ènìyàn kan sílẹ̀ láàrin ara yín àti iyùn títí òjé yín yóò fi dọ́gba.

Ohun díẹ̀ wà láti yàgò fún. Stonefish máa ń sùn sílẹ̀ ní etí omi bí òkúta gidi, ẹ̀gún rẹ̀ sì ní oró líle. Ìdí bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn nìyí. Lionfish lẹ́wà, kì í léni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe há a mọ́ kọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gún yín, ẹ jáde, kí ẹ ki ibi tí ó gún bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, tí kò kọjá ìwọ̀n 45, kí ẹ sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni titan triggerfish, nígbà tí ó bá ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀ nínú iyanrìn. Agbègbè tí ó kà sí tirẹ̀ fẹjú bí ó ti ń lọ sókè, nítorí náà bí ó bá dojú kọ yín, ẹ má ṣe gòkè. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ yín wà láàrin yín àti òun.

Àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e

Afẹ́fẹ́ àríwá máa ń fẹ́ ní Dahab ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, nítorí náà òwúrọ̀ ni kí ẹ fi lọ sí ibi tí ìgbì ti máa ń kọlu ẹnu ọ̀nà. Eel Garden dára fún ọjọ́ kejì: àwọn ẹja tín-ínrín bí ejò ń nà jáde láti inú iyanrìn, wọn a máa mì sọ́tùn-ún mì sósì, tí ẹ bá sì sún mọ́ wọn, gbogbo wọn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Islands, ní gúúsù ìlú, ní iyùn tí ó lẹ́wà jù lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó dà bí àdììtú, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Canyon jìn dé nǹkan bíi mítà 30 nínú ihò rẹ̀. Ẹni tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dúró ní 18 lè wò ó láti òkè.

Ní ti Blue Hole, ẹ lè rí i láìséwu bí ẹ bá dúró lórí àpáta ìta rẹ̀, tí ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà tí kò jìn, tí ó wà ní nǹkan bíi mítà 7, wọlé. Ibi tí ó ń pa àwọn èèyàn ni ihò tí ó rí bí afárá ní nǹkan bíi mítà 55, èyí tí ó kọjá ohun tí afẹ́fẹ́ lásán àti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lè gbé. Òkúta ìrántí àwọn òmòòkùn tí kò jáde mọ́ wà lára òkè tí ó kọjú sí omi náà. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó wọṣọ. Thistlegorm, tí ó wà ní mítà 30 níbi tí omi ti máa ń ṣàn líle, ẹ fi í sílẹ̀ di ìrìn-àjò mìíràn. Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ras Mohammed, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni ó yẹ kí ẹ fi ọkọ̀ ọjọ́ kan láti Sharm lọ, bí afinimọ̀nà yín bá gbà pé ẹ ti múra tó.

Gígòkè, àti ọjọ́ ìkẹyìn

Ẹ má ṣe yára ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ bá ń gòkè, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5, kí ẹ sì máa mí ní gbogbo ìgbà, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 yóò di ìlọ́po méjì kí ó tó dé ojú omi. Náítírójìn tí ẹ mí sínú ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí ìtẹ̀ bá sì dín kù lójijì, yóò di ìhó bí ìgbà tí a ṣí ìgò mínírà tí a gbọ̀n.

Ìdí kan náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú kíákíá. Ìmọ̀ràn DAN ni wákàtí 12 ó kéré tán lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo, àti 18 lẹ́yìn ọ̀pọ̀. Ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni Òkè Sínáì. Àwọn kan ní Dahab máa ń tà á gẹ́gẹ́ bí ìrìn òru kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sì fẹ́ dé ibi tí a gbà pé Mósè ti gba òfin. Òkè náà ga dé mítà 2,285, ara kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin òkè àti ọkọ̀ òfurufú. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìmòòkùn, tàbí kí ẹ dúró bí ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú.

Bí oríkèé bá ń roni láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìmòòkùn, tí ara ń yúnni lọ́nà àrà, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń kú, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí àárẹ̀ ń muni ju bó ṣe yẹ lọ, oògùn ìrora àti oorun kọ́ ni ó kàn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ìmòòkùn yín bí ẹ bá ṣì wà ní Dahab, tàbí nọ́ńbà DAN bí ẹ bá ti dé ilé, kí ẹ béèrè fún ọ́síjìn, kí ẹ sì rí i dájú pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹ sọ fún dókítà ní ilé ìwòsàn ni pé ẹ ti mòòkùn, ọjọ́ wo ni, àti bí ó ti jìn tó, nítorí pé dókítà tí kò bá gbọ́ èyí lè tọ́jú yín fún ibà tàbí fún làkúrègbé nígbà tí àkókò ń lọ.